Ta Ló Fi Pẹ́dàlì Sí Kẹ̀kẹ́?

Bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ló fa ọ̀rọ̀ yìí. A jọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà kan n'Íbàdàn nígbà tí ọmọ kékeré kan gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní pẹ́dàlì kọjá, tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta ilẹ̀. Bàbá pòṣé: "Ìdajì kẹ̀kẹ́ ni wọ́n tà fún ìyá ẹ."

Bẹ́ẹ̀, irú ìdajì yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní 1817, nílùú Mannheim ní Jámánì, Karl Drais fi igi kan kẹ̀kẹ́ ológeere tí ẹni tó gùn ún ń fi ẹsẹ̀ tì lọ. Ẹni tó wá fi pẹ́dàlì sí i ni wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí dòní.

Àwọn kan ní Pierre Michaux, alágbẹ̀dẹ ará Paris, ni. Pierre Lallement, ọmọ Faransé bíi tirẹ̀, ní irọ́ ni, òun lòun ṣe é. Ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1866.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn ni Scotland. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tiwọn, Kirkpatrick Macmillan, ti ṣe kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ní nǹkan bí 1839. Ẹ̀rí wọn dà? Ìwé ìròyìn Glasgow kan ni, ní 1842, tó ròyìn ọkùnrin ará Dumfriesshire kan tó gun ẹ̀rọ àrà wọ ìgboro, tó kọ lu ọmọdé, tí wọ́n sì bu ìtanràn ṣílè márùn-ún fún un. Wọn ò dárúkọ rẹ̀. Jẹ́ńtúmánì ni wọ́n pè é, àwọn alátakò sì ń bi wọ́n pé ta ní í pe alágbẹ̀dẹ ní jẹ́ńtúmánì láyé ìgbà yẹn? Ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí ìbátan Macmillan kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó orúkọ rẹ̀. Èmi ò dá sí i, àmọ́ ẹjọ́ tí ẹ̀rí rẹ̀ tó lágbára jù jẹ́ owó ìtanràn, ẹjọ́ ńlá ni.

Ìyókù kò gùn: aṣekẹ̀kẹ́ kan tó ń jẹ́ Starley mú táyà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní 1885, Dunlop fi afẹ́fẹ́ sí táyà ní 1888, kẹ̀kẹ́ sì dé ọwọ́ tíṣà, wolé-wolé àti adẹ́mu wa.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ bàbá ga ju ọmọ lọ. Ọmọ á ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ abẹ́ irin àárín, á fi apá kọ́ ìjókòó, á fọwọ́ kejì di háńdù mú, á wá máa wà á lọ ní ẹ̀gbẹ́ bí akàn. Ẹni tí kò ní tilé á lọ háyà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe, kí àkókò rẹ̀ tó pé, orúnkún ti bó. Ìgbà tó bá mọ̀ ọ́n tán, òun náà ni yóò fi gbé ẹmu wọ ọjà, tí yóò fi gbé ìyàwó sórí káríà lọ kí àna. Ta ló kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ irin nílẹ̀ wa? Ìlú tí ẹ bá dé, wọ́n á ní ọmọ àwọn ni.

Ìwé òfin 1999 ṣì ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa fún kẹ̀kẹ́ ní láísẹ́ǹsì, pẹ̀lú ọkọ̀ àjẹ̀ àti ọmọlanke. Ọlọ́kadà ni mò ń rí tí wọ́n ń lé kiri.