Ìrìn Ẹsẹ̀ Láàárín Àwọn Abúlé Ilẹ̀ Yewa

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò: ìgbà wo ni ẹ fi ẹsẹ̀ rìn kẹ́yìn láti abúlé kan dé èkejì, tí kì í ṣe pé ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà tàbí pé owó ọ̀kadà kò sí lọ́wọ́? Lójú tiwa, ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ni ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ san. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ ìsinmi bá dé, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ yóò wọ bàtà tó nípọn, wọn yóò rọ tíì sínú fúláàsì, wọn yóò sì gba ọ̀nà tóóró tó la oko àti pápá àgùntàn kọjá, láti abúlé kan sí èkejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọn kò lọ rà, wọn kò lọ tà. Wọ́n kàn ń rìn ni.

Ẹ má tètè rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀nà tóóró yẹn kò ṣàdédé wà ní ṣíṣí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ láti Manchester, fẹsẹ̀ gun òkè kan tí à ń pè ní Kinder Scout, èyí tí àwọn onílẹ̀ ti sé mọ́ gbogbo ayé nítorí ẹyẹ tí wọ́n fẹ́ máa yìnbọn fún níbẹ̀. Wọ́n rán márùn-ún nínú wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1949 ìjọba ṣe òfin pé kí a ya gbogbo ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sínú àwòrán ilẹ̀. Lónìí, ní England àti Wales, wọ́n lé ní 200,000 kìlómítà. Wọn a máa gba inú oko olóko kọjá, olóko kò sì gbọdọ̀ dí wọn. Òfin wọn sì lè ka ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn bá ti rìn fún 20 ọdún gbáko, láìtọrọ àyè, tí ẹnikẹ́ni kò sì dá wọn dúró, sí ọ̀nà gbogbo ayé. Ẹsẹ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀nà.

Kí ẹ tó wí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, ẹ wo ilẹ̀ Yewa, tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995 tí wọ́n fi orúkọ odò Yewa rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Ọ̀yọ́ Ilé gbà dé etí òkun. Nígbà tí Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ ń wá ibi tí odò Ọya ti wọ òkun ní ọdún 1830, Àgbádárìgì ni wọ́n ti gòkè, wọ́n gba Ìjànà nítòsí Ìlaró kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Wọn kò la ọ̀nà kankan o. Ọ̀nà tí àwọn ìyá alájàpá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n bá.

Irú àwọn ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló ń kú lọ báyìí. Ọ̀kadà ló gbé wa kúrò lórí wọn. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò bá rìn fún òjò méjì péré, igbó ti gbà á. Kì í sì í ṣe ọ̀nà nìkan ló ń sọnù, nítorí ọ̀nà ni ààlà oko púpọ̀, pẹ̀lú pèrègún tí àwọn àgbà gbìn sí ẹ̀bá rẹ̀. Bí wọ́n bá ta ilẹ̀ náà, tí ẹni tó rà á fi wáyà yí i ká, ta ni yóò jẹ́rìí pé ibẹ̀ ni ìyá arúgbó kan ń gbà lọ sí oko rẹ̀? Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó kò rìn ín rí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kó àwọn ọmọ lọ. Ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìlaró sí Aiyétòrò gba Ìbẹ̀sè, Jọga-Orílé, Ìgbógìlà, Ṣàwọ́njo àti Ìgan-Òkòtó. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fẹsẹ̀ rìn lórí títì yìí. Tírélà sìmẹ́ńtì kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń bá pàdé. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní abúlé, kí ẹ yà sí ọ̀nà oko. Ní ìhà Ìlaró, ọ̀pẹ, obì àti kòkó ṣì ń ṣíji bo ọ̀nà. Bí ẹ bá ti ń súnmọ́ Aiyétòrò, igi ńlá ń dín kù, koríko ń pọ̀, gbágùúdá àti àgbàdo gba ilẹ̀, ojú sì ń ríran jìnnà. Àparò lè fò pẹ̀rẹ̀ níwájú yín, kí àyà gbogbo yín já.

Ìrìn wákàtí kan, bíi kìlómítà mẹ́rin, tó fún ìdílé tó ní ọmọ kékeré. Ẹ gbéra lẹ́yìn ìrun Àsùbá, kí ẹ padà kí oòrùn tó mú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, nígbà tí ẹrẹ̀ ti gbẹ tí agbálùmọ̀ sì ń pọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé wí ní ọdún 2020 pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa fi 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí ń mú èémí yára díẹ̀, ìrìn kánmọ́kánmọ́ sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́, bí ẹ bá pàdé obìnrin tó ru igi ìdáná bọ̀ láti oko, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ ìlera. Ẹ bá a sọ ẹrù.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n ń rí. Ṣúkù àgbàdo tàbí àlòkù bàtà tí wọ́n so mọ́ igi lẹ́bàá òkìtì igi ìdáná kì í ṣe ìdọ̀tí: ààlè ni, ó ń wí pé ohun yìí ní olówó. Bí ẹ bá rí ọsàn tí wọ́n kó jọ ní oríta láìsí ẹni tó ń tà á, tí òkúta wẹ́wẹ́ sì wà níwájú rẹ̀, iye òkúta náà ni iye owó rẹ̀. Ẹ fi owó síbẹ̀ kí ẹ tó mú un, kí ọmọ yín máa wò yín.

Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) kọ́ wa pé ẹni tí ń rìn ni yóò kí ẹni tó jókòó, àti pé kíkó ohun tí ń ni ènìyàn lára kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ sàráà. Nítorí náà, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ kí ará abúlé, kí wọ́n tó máa bi ara wọn pé ta lèyí. Bí ó bá jẹ́ àgbẹ̀ ni ẹ bá lórí ebè, "Àroko-bọ́dún-dé o!" ni ìkíni rẹ̀. Bí ẹ̀gún bá dábùú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó dàgbà jù fi igi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́; ọ̀nà kan tún ti là díẹ̀ sí i nìyẹn.

Ẹ má lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ìkọlù àti ìjà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran mú kí àwọn ará abúlé kan ní Àríwá Yewa sá wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní bínú bí wọ́n bá fi ojú ìfura wo àlejò. Ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ tàbí Lèmọ́mù, kí ẹ bèèrè bí ọ̀nà ti rí, kí ẹ sì tọrọ ọmọ abúlé kan tí yóò mú yín lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ padà. Ní ìhà Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, olùmọ̀nà ṣe kókó: ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1889 fi Kétu sí ìhà kejì, ọ̀nà oko kan lásán sì lè mú yín wọ orílẹ̀-èdè mìíràn láìmọ̀.

Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ nítorí ejò, ẹ gbé omi tí yóò tó mímu. Bí ẹ bá délé, ẹ yẹ ìdí etí àti abẹ́ orúnkún àwọn ọmọ wò dáadáa, nítorí eégbọn fẹ́ràn ibẹ̀, kò sì í jẹ́ kí a mọ̀ nígbà tó bá ń gùn wá.