Ìdí Tí A Fi Ń Yẹ Ìtọ̀ Aboyún Wò

Bí aboyún bá dé kíníìkì, nọ́ọ̀sì á fún un ní ike kékeré kó lọ tọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé ṣúgà nìkan là ń wá níbẹ̀. A ń wá purotéènì pẹ̀lú.

Purotéènì kò mọ sínú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja. Ara fúnra rẹ̀ ń ṣe oríṣiríṣi rẹ̀, àwọn ló sì ń gbé oyún ró. Èyí tó ń jẹ́ hCG ni kì í jẹ́ kí nǹkan oṣù wá mọ́ bí oyún bá ti dúró. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí à ń gún yín náà, ṣe ló ń mú kí ara yín ṣe purotéènì tó ń gbógun ti àrùn, tó ń gba inú ibi ọmọ dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Èyí tí a kò fẹ́ rí nínú ìtọ̀ ni albúmìn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ààyè rẹ̀. Òun ló ń di omi ẹ̀jẹ̀ mú kó má jò sínú ẹran ara. Bí asẹ́ tó dára kì í ti í jẹ́ kí eèrí bá ògì lọ, bẹ́ẹ̀ ni kíndìnrín tó yè kì í jẹ́ kí albúmìn bá ìtọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ibi ọmọ kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó. Á máa tú purotéènì tó ń jẹ́ sFlt-1 sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, èyí tó ń de PlGF lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ PlGF ló ń tọ́jú iṣan ẹ̀jẹ̀ aboyún. Ẹ̀jẹ̀ á ru, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ 20 ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀, ara ìyá sì lè dá ṣáṣá títí gìrì á fi gbé e. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, kì í sì í ṣe ẹ̀bi aboyún.

Kòkòrò inú ìtọ̀ náà lè fa purotéènì, ìdí nìyẹn tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Bó bá ti wọ 140/90, a kò ní fojú kéré rẹ̀. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate wà tó ń dènà gìrì, ọsibítù sì ni wọ́n ti ń gún un.

Ẹ má torí èsì ìtọ̀ ṣíwọ́ ẹyin tàbí ẹ̀wà jíjẹ. Oúnjẹ kọ́ ló fà á. Bí irú ẹ̀jẹ̀ ríru yìí bá ti ṣe yín rí nínú oyún ìṣáájú, ẹ tètè sọ fún wa kí oyún tó pé oṣù mẹ́rin, nítorí dókítà lè ní kí ẹ máa lo aspirin kékeré. Ẹ má dá a rà fúnra yín.

Bí orí bá ń fọ́ yín tí kò lọ, tí ojú ń ṣú, tí abẹ́ ìhà ń dùn yín, tàbí tí ojú àti ọwọ́ ṣàdédé wú, ẹ má dúró de ọjọ́ kíníìkì. Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru.