Ọ̀pọ̀lọ́, Kọ̀ǹkọ̀ àti Òjò ní Ìkirè àti Àpòmù

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ọ̀pọ̀lọ́ ń yan káńdúkáńdú lójú ẹlẹ́gùúsí, ẹlẹ́gùúsí kò sì gbọdọ̀ yí i láta, nítorí pé ẹran rẹ̀ kì í ṣe jíjẹ; ṣùgbọ́n kọ̀ǹkọ̀, ìbátan rẹ̀ tí ara rẹ̀ ń dán, tí ó sì ń gbé inú omi, kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà, ẹni tí ó bá rí i mú yóò yan án lórí iná, yóò sì fi jẹun láìbẹ̀rù èèwọ̀.

Ohun tí ó gba ọ̀pọ̀lọ́ lọ́wọ́ ìkòkò ọbẹ̀ ni oje funfun olóró tí ń sun láti inú kókó méjì tí ó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀, oje yìí ni ó sì jọ pé ó bí ìgbàgbọ́ pé ojú tí ọ̀pọ̀lọ́ bá tọ̀ sí yóò fọ́. Àwọn mìíràn a máa kán omi ọmú sí irú ojú bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún ojú tí ejò sèbé tutọ́ sí, ṣùgbọ́n omi mímọ́ tí a fi ṣan ojú náà léraléra ni ó sàn jù. Ọ̀pọ̀lọ́ gbígbẹ kò ṣàì sí nínú igbá àwọn tí ń ta èròjà oògùn ìbílẹ̀. Ní ti iyọ̀ tí àwọn ọmọdé ń dà sí i lára, ìwà ìkà ni, kì í ṣe eré: ọ̀pọ̀lọ́ kì í fi ẹnu mu omi, awọ ara ni ó fi ń fà á, awọ yìí kan náà ni ó sì fi ń kún èémí rẹ̀, iyọ̀ a sì máa fa omi ara rẹ̀ jáde títí yóò fi kú.

Nítorí awọ yìí ni ojú ọjọ́ ṣe lágbára lórí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, wọ́n a sá pamọ́ sínú ihò àti abẹ́ ewé gbígbẹ inú oko kòkó. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, akọ a bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní àbàtà ẹ̀bá odò Ọ̀ṣun àti nínú gọ́tà ìgboro, àwọn ènìyàn a sì ní wọ́n ń pe òjò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abo ni wọ́n ń fi igbe náà wá. Abo ọ̀pọ̀lọ́ kan lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin tí ó so pọ̀ bí okùn, ẹyin wọ̀nyí a sì di légbélégbé, ìyẹn ọmọ tí ó ṣì nírù. Bí òjò bá dá, tí ọ̀gọ̀dọ̀ ń fà, légbélégbé yóò pọ̀ ju omi lọ, oúnjẹ yóò wọ́n wọn, ìgbẹ́ wọn yóò ba omi jẹ́, oòrùn yóò sì mú un gbóná. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀, bí òwe ti wí, pé omi méjì ló wà láyé. Èyí tí kò bá kú nínú wọn a hu ẹsẹ̀ ní kékeré, kò sì ní agbára tó ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó dàgbà nínú omi gbígbòòrò.

Ti kọ̀ǹkọ̀ tún le jù, nítorí pé légbélégbé tirẹ̀ a máa jẹ ara wọn. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 1997 láti ọgbà ìpamọ́ ẹranko igbó Comoé ní Côte d'Ivoire sì fi hàn pé abo rẹ̀ a máa yẹra fún ọ̀gọ̀dọ̀ tí légbélégbé kọ̀ǹkọ̀ mìíràn ti wà, ọgbọ́n tí ó yani lẹ́nu gidigidi.

Òjò kan náà tí ń kún ọ̀gọ̀dọ̀ ni ó ń mú kí èso kòkó dúdú lórí igi, èyí tí ó ń mú kí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìkirè àti Àpòmù fín oògùn tí bàbà wà nínú rẹ̀. Àgbàrá a gbé èyí tí ó bá kán sílẹ̀ lọ sínú omi nígbà tí légbélégbé ṣì wà níbẹ̀, bàbà sì jẹ́ májèlé fún wọn, àgàgà nínú ọ̀gọ̀dọ̀ tí ó ti fẹ́ gbẹ, tí kò sí omi tuntun tí yóò là á.