Èsì Ìbò Láti Ara Ògiri Dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ bá dìbò tán ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀, ní Àjàgbà tàbí ní Akótógbò, ẹ má ṣe kánjú lọ sílé. Nígbà tí wọ́n bá ka ìbò tán lójú gbogbo ènìyàn, alábòójútó ibùdó ìdìbò yóò kọ iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé èsì tí a ń pè ní EC8A. Òun àti àwọn aṣojú ẹgbẹ́ yóò fọwọ́ sí i. Yóò tún lẹ ìwé ńlá kan, EC60E, mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹ̀rọ BVAS, èyí tí ó yẹ ìka tàbí ojú yín wò kí ẹ tó dìbò, ya àwòrán EC8A, tí yóò sì fi í ránṣẹ́ sí IReV, ojúlé tí àjọ INEC ń gbé èsì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí, àwòrán náà yóò wà nínú ẹ̀rọ títí yóò fi dé ibi tí ó wà. Nítorí náà, pípẹ́ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí màgòmágó.

Irú ẹ̀rọ báyìí kò ní ọgbọ́n ti ara rẹ̀. Bí a bá ṣe tò ó fún ìbò kan ni yóò ṣe ṣiṣẹ́, a sì gbọ́dọ̀ tún un tò fún òmíràn. Ìdí nìyí tí ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ní 2023 fi kúrò ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta bọ́ sí ọjọ́ 18: INEC ní láti kó àkọsílẹ̀ ìbò ààrẹ pamọ́, kí ó tó tún BVAS tò.

Ní ọjọ́ ìbò ààrẹ gan-an, 25 oṣù Kejì, IReV gba àwòrán èsì àwọn aṣòfin àpapọ̀, ṣùgbọ́n ti ààrẹ kò wọlé. Àlàyé INEC ni pé a ti tò ó kí ó máa wá ìpínlẹ̀ tí ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan wà. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni ẹkùn ìbò ààrẹ, kò sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan, nítorí náà ẹ̀rọ kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó rí i tún ṣe. Àlàyé yìí kò tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn, kò sì yà wá lẹ́nu, nítorí a ti sọ fún wọn ṣáájú pé lọ́jọ́ náà gan-an ni wọn yóò rí èsì.

Ìwé tí ó wà lára ògiri kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ (ẹ má ṣe gbé fóònù wọ ibi tí ẹ ti ń tẹ̀ka o). Tí ẹ bá délé, ẹ fi ímeèlì yín forúkọ sílẹ̀ lórí IReV, kí ẹ wá Oǹdó, Ìrẹ̀lẹ̀, wọ́ọ̀dù yín àti ibùdó ìdìbò yín, kí ẹ sì fi iye wé iye. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ mú àwòrán méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì INEC ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ lè fi ìbò gómìnà ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 2024 dánra wò.

Ìbò alága àti káńsílọ̀ kò sí lórí IReV. ODIEC, àjọ ìpínlẹ̀, ni ó ń ṣe é.