Ẹ̀gàn Kì í Wo Àjẹkì Sàn

Bí ẹni tí ó sanra bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tí ó lé ní 600, àwọn kan a máa pè é ní wọ̀bìà. Àwa kò fara mọ́ èyí.

Ní ọdún 1959, Albert Stunkard, oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé àwọn kan nínú àwọn tí ó sanra a máa jẹ àjẹkì láìlè kó ara wọn ní ìjánu. Ní 2013, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ibẹ̀ kà á sí àìsàn tí ó dá dúró. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni àwọn onímọ̀ ìṣesí ọkàn fi ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí a fi ọmọ tí ó sanra ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ béèrè ìtọ́jú yìí lọ́wọ́ ìjọba fún ará Ìdànrè.