Bí Ọmọ Ará Sàró Ṣe Di Ọlọ́fáyólìn

Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọsìn kọjá ní Kàbà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ akọrin ń kọ́ orin, kò ní ṣàìrí àwọn ọmọdé tó dúró lẹ́yìn fèrèsé, tí wọ́n ń fi ìka jó lára ògiri bí ẹni ń tẹ dùùrù, títí àgbàlagbà kan yóò fi jáde lé wọn lọ. Nítorí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé ìtàn Samuel Coleridge-Taylor wá síwájú ẹ̀yin ènìyàn mi lónìí, ẹni tó jẹ́ pé fáyólìn, gòjé òyìnbó, ló kọ́kọ́ là á lọ́nà.

Sàró ni baba rẹ̀ ti wá, Sàró kì í sì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí wa ní ilẹ̀ Okun. Ní Freetown ni wọ́n ti ń sọ àwọn tí a gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú kalẹ̀, tí wọ́n ń pe àwọn Yorùbá inú wọn ní Akú. Nígbà tí Koelle, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Jámánì, sì kó ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi èdè tó gbọ́ níbẹ̀ jọ sínú ìwé kan tó jáde ní 1854, Yàgbà wà níbẹ̀, Ìjùmú wà níbẹ̀, Ọ̀wọ́rọ̀ náà kò gbẹ́yìn.

Ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Samuel fi dé ayé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ́jọ́ 15 oṣù Ògọ́sì, 1875, baba rẹ̀, Dókítà Daniel Taylor, tó wá kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ti padà sí Áfíríkà láìmọ̀ pé Alice, ìyá ọmọ náà, lóyún, ojú méjì ìyá nìkan ló sì kù. Igba ojú náà kò pẹ́ẹ́ dé. Bàbá àgbà rẹ̀, Benjamin Holmans, alágbẹ̀dẹ tí ń kan irin sí pátákò ẹṣin ní Croydon, fi ọwọ́ tó mọ owú àti ẹmú gbé fáyólìn kékeré lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń ta á.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun tó tẹ̀ lé e, nítorí òun gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ mi. Olùkọ́ fáyólìn kan wà ní Croydon, Joseph Beckwith ni orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó yọjú wo ìta láti ojú fèrèsé, ó rí ọmọ dúdú kékeré kan láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ kan ta ọta dígí nílẹ̀, tó sì fi ọwọ́ kejì di fáyólìn mú, tí kò jẹ́ gbé e sílẹ̀. Ì bá ti bínú sí ariwo wọn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó pe ọmọ náà wọlé, ó tẹ́ ìwé orin síwájú rẹ̀, ọmọ náà sì ta á bó ti yẹ kí a ta á. Ọdún bíi méje ni Beckwith fi kọ́ ọ.

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Herbert Walters, tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan, mú un lọ sí Royal College of Music ní 1890, nígbà tó di ọmọ ọdún 15, kó lọ kọ́ fáyólìn. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ti bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀, tí olùkọ́ rẹ̀, Charles Stanford, sì sọ pé ẹ̀bùn tó wà nínú ọmọ-ìka Samuel ju èyí tó wà ní gbogbo ara ẹni náà lọ. Lọ́dọ̀ Stanford yìí ló ti yí sí kíkọ orin sílẹ̀, nígbà tó sì fi di ọmọ ọdún 23, ní 1898, orin rẹ̀ *Hiawatha's Wedding Feast* jáde, kò sì pẹ́ tó fi gba gbogbo Ìlú Ọba kan. Ó dùn mí láti sọ pé pọ́n-ùn 15 àti ṣílè 15 péré ló ta orin náà, tí àwọn tó rà á sì jèrè rẹ̀ lọ.

Kò gbàgbé orísun. Nínú orin 24 tó tẹ̀ jáde ní 1905, orin Yorùbá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ *Oloba*, Victoria Randle, aya Dókítà Randle ti Èkó, ló fún un. Ní 1912 ó padà sídìí fáyólìn, ó kọ iṣẹ́ ńlá kan fún Maud Powell, obìnrin ọlọ́fáyólìn ará Amẹ́ríkà, ẹni tó ta á ní ìlú Norfolk ní Connecticut nínú oṣù Òkúdù. Ikú ṣe ohun tí ó ń ṣe: àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mú un lọ lọ́jọ́ 1 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún náà, ọmọ ọdún 37.

Ẹ̀yin baba àti ìyá mi tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní Kàbà, ní Ìyàrá, ní Ìsánlú, mo kí yín, okun o. Bí ẹ bá tún gbúròó àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lẹ́yìn fèrèsé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wọ́n wọlé.