Ìdí tí pẹ́dàlì tuntun fi lè ba ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Faransé jẹ́ ní Niamey

Ẹni tó bá ra pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́ ní Èkó tàbí Kano lọ sí Niamey, olú ìlú Niger, lè rò pé kò séwu. Àmọ́ tó bá jẹ́ ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Faransé ló fẹ́ fi í sí, ó lè ba apá irin tó gbé pẹ́dàlì dúró jẹ́.

Tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ilà tó yí ara síkírù ká, ló ń fa wàhálà náà.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Faransé ló ṣàkóso Niger títí di ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ, ọdún 1960. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣàkóso Nàìjíríà, tó múlé tì í, títí di ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún kan náà. Peugeot jẹ́ kẹ̀kẹ́ Faransé. Raleigh, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ ní Nàìjíríà bí ẹní mowó, wá láti ìlú Nottingham.

Tírẹ́ẹ̀dì pẹ́dàlì Faransé fẹ̀ tó mìlímítà 14, àlàfo láàrin ilà kan sí èkejì sì jẹ́ mìlímítà 1.25. Íǹṣì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò: 9/16 íǹṣì, pẹ̀lú ilà 20 nínú íǹṣì kan. Tí a bá yí i sí mìlímítà, ó jẹ́ 14.29 àti 1.27.

Kí ló wá léwu níbẹ̀?

Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Pẹ́dàlì Gẹ̀ẹ́sì lè kọ́kọ́ wọ ihò Faransé díẹ̀, kó tó há. Ẹni tó bá fi sípánà lọ́ ọ tipátipá á ba tírẹ́ẹ̀dì inú ihò jẹ́. Ti Faransé nínú ihò Gẹ̀ẹ́sì á máa mì, ó sì lè já sílẹ̀ lójú títì.

Ọ̀nà àbáyọ

Ìwọ̀n 9/16 ló wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àgbà tuntun lónìí, pẹ́dàlì mìlímítà 14 sì ti ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè fi irin tí wọ́n fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì fẹ ihò Faransé dé 9/16. Irin ọ̀tọ̀ ni ti apá òsì nílò, torí òdì ni tírẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ń yí.

Lẹ́tà D fún ọ̀tún àti G fún òsì lára pẹ́dàlì lè fi hàn pé Faransé ló ti wá. R àti L ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n lẹ́tà nìkan kò tó. Ìka ọwọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi yí i: tó bá ti há kó tó wọlé dáadáa, kí wọ́n má fi sípánà kàn án.